Kí Ni Ìrù Ọmọ Ajá Ṣẹ̀ Wá?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wo àkọlé yìí, yóò sì rẹ́rìn-ín pé: ṣé ọ̀rọ̀ ìyà ènìyàn ti tán nílẹ̀ ni, tí a fi wá ń kọ̀wé nípa ìrù ajá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wa níbí, ajá kì í ṣe àlejò. Àwọn ajá ọdẹ tí mo mọ̀ nígbà èwe mi, ìrù wọn pé, wọn sì ń bá ọ̀gá wọn wọ igbó. Àwọn tí a ń gé ìrù wọn báyìí ni ajá òyìnbó, Rottweiler, Doberman àti irú wọn, tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ń sìn lẹ́yìnkùlé láti tà. N kò bá wọn jà nítorí òwò yìí. Ẹni tó ń sin ajá tà sàn ju ẹni tó ń jí ewúrẹ́ lọ. Bíléèdì ni mò ń bá jà.

Ní ọdún tó kọjá, arákùnrin kan nínú ìjọ pè mí wá wo ọmọ ajá méje tí ajá rẹ̀ bí. Wọ́n ti pé ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti fi rọ́bà tí a fi ń di owó so ìrù mẹ́rin nínú wọn pinpin, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dé ibẹ̀ mọ́, kí ìrù náà kú, kí ó sì já fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù, ojú mi ni ó fi bíléèdì gé tiwọn, tí ó da kẹrosíìnì sí egbò. Bí wọ́n ṣe ń ké ni ìyá wọn, tí a so mọ́ igi, ń fa okùn títí ọrùn rẹ̀ fi bó. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, méjì ti kú, egbò wọn ń rùn. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Bọ̀dá mi, bí n kò bá gé e, ta ni yóò rà á?" Ẹnu mi wọhò. Mo ti dúró níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé lónìí.

Wọ́n ní ọmọ ajá tí kò tíì lajú kò mọ ìrora. Irọ́ ni. Ní 1996, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà wo 50 ọmọ ajá tí wọ́n ń gé ìrù wọn, gbogbo wọn ló ké. Wọ́n ní kí ìrù má baà ṣèṣe lọ́la ni. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2010 fi hàn pé a ó gé ìrù bí 500 ajá kí a tó lè yẹ ìpalára kan ṣoṣo sílẹ̀. Òǹkọ̀wé ará Róòmù kan, Columella, tilẹ̀ sọ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn pé ó ń dènà àrùn dìgbòlugi! Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà dìgbòlugi, ẹ lọ gbà á fún ajá yín.

Òyìnbó tí a kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá ti ń padà lẹ́yìn rẹ̀. Jámánì fòfin dè é ní 1998, Ẹ́ńgíláǹdì ní 2007, àfi fún àwọn ajá iṣẹ́ kan. Tiwa ńkọ́? Abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà lè rán ẹni tó dá ẹranko lóró lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ ìrù. Ìwé Òwe orí 12 ẹsẹ 10 sì ka bí a ti ń ṣe sí ẹran ọ̀sìn wa mọ́ ohun tí a fi ń mọ olódodo.

Ìrù ni ajá fi ń sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó jùrù. Ẹ̀rù bà á, ó ki ìrù bọ abẹ́ itan.

Bí ẹnìkan bá sì ti gé e ńkọ́? Ẹ má torí ìyẹn jẹ́ kí ọmọ ajá kú. Ẹ má da kẹrosíìnì, eérú tàbí ọ́ìlì mọ́tò sí egbò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má máa ṣí i wò. Ẹ tẹ́ aṣọ gbígbẹ fún wọn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn, kí wọ́n rí ọmú àti ooru. Ẹ wo egbò náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ó bá wú, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí ọmọ ajá kò mu ọmú mọ́, dókítà ẹranko ló kàn. Bí rọ́bà bá ṣì wà lára ìrù, ẹ má fà á, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fún un ní oògùn ìrora tiwa, parasitamọ́ọ̀lù lè pa á.

Arákùnrin yẹn kò burú jù wá lọ. Àwa tí à ń rà á ni a fi owó kọ́ ọ, tí à ń sọ pé ajá tó ní ìrù kò dẹ́rù ba olè. Ẹni tó bá fẹ́ ra ajá, kí ó sọ fún ẹni tí ń tà á kí ìyá ajá tó bímọ pé ìrù òun ń fẹ́, kí ó má sì tìtorí rẹ̀ dín owó kù. Mo ti bá arákùnrin náà sọ ọ́: n óò mú ọ̀kan nínú èyí tí ajá rẹ̀ yóò tún bí, tòun tìrù rẹ̀.