Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Mọ Iṣan Tí A Ó Fi Tún Orúnkún Rẹ̀ Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí a fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé ọ̀bẹ gan-an ni a fi ń parí rẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ orúnkún. Èrò tèmi ni pé kí ọ̀bẹ tó dé orúnkún ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí ẹnu ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ parí, ní èdè tí ẹni tí ó ni orúnkún gbọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú iṣẹ́ dókítà. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Nínú orúnkún, iṣan líle méjì ni ó dábùú ara wọn bí àgbélébùú láàárín eegun itan àti eegun ojúgun. Èyí tí ó wà níwájú ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú, òun náà ni kì í jẹ́ kí orúnkún yẹ̀ nígbà tí a bá yí ara padà. Kò dìgbà tí ẹnìkan bá gbá ni lẹ́sẹ̀ kí ó tó já. Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ tí ó sì yí ara lójijì, ó lè gbọ́ ‘pọ́ọ̀’ nínú orúnkún rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, orúnkún yóò ti wú bí àgbọn. Victor Boniface, agbábọ́ọ̀lù tí a bí ní Àkúrẹ́ ní 2000, mọ ìkorò ọ̀rọ̀ yìí. Iṣan orúnkún rẹ̀ já ní 2019, ó tún rí irú rẹ̀ ní 2020, kí ó tó bá ẹgbẹ́ Bayer Leverkusen gba ife-ẹ̀yẹ líìgì ilẹ̀ Jámánì ní 2024.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Àdúgbò ilé-iṣẹ́ tí ó ti Ìkẹjà lọ dé Ògbà àti Agége ni mo ń wò, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ dó kí a tó gba òmìnira ní 1960. Níbẹ̀ ni a ti rí alágbàṣe tí ń ru ẹrù sínú tírélà, mẹkáníìkì tí ń rá wọ abẹ́ ẹ̀rọ, àti ọmọ ilé búrẹ́dì ní Agége tí ń gbé àpò ìyẹ̀fun lórí ilẹ̀ tí ń yọ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, àwọn ọ̀dọ́ inú wọn a tún bọ́ sí pápá láti gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀kadà náà kò gbẹ́yìn. Ìjọba Èkó fi òfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà àti márùn-ún mìíràn ní oṣù kẹfà 2022, ṣùgbọ́n òfin kò lè wo orúnkún àwọn tí ó ti gbé ṣubú ṣáájú ìgbà náà.

Kí a má purọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí iṣan rẹ̀ já ni ó gbọdọ̀ dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ní 2010, àwọn oníwádìí ní ilẹ̀ Sweden gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn lórí 121 ọ̀dọ́ jáde. Wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan; wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn 59 yòókù ní eré ìdárayá ìwòsàn, wọ́n sì ní kí ẹni tí kò bá gbádùn rẹ̀ padà wá. Lẹ́yìn ọdún méjì, 23 péré nínú 59 náà ni ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ara àwọn ìyókù sì le tó ti àwọn tí ó tètè ṣe é. Èyí jẹ́ ohun tí ó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ kí ó tó lọ ta ilẹ̀ baba rẹ̀.

Bí ó bá wá di pé iṣẹ́ abẹ ni ó kàn, ìbéèrè ńlá yóò yọjú. Iṣan yìí kì í sábà jinná bí awọ ara ti í jinná. Mayo Robson rán an pọ̀ ní Leeds ní 1895. Nígbà tí ó di 1917, Hey Groves ní Bristol ti ń fi iṣan tí ó ré ní itan aláìsàn rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀: iṣan wo ni kí a fi dípò?

Èkíní ni iṣan iwájú orúnkún, tí ó so ìdérí orúnkún mọ́ ojúgun. A máa ń gé àárín rẹ̀ pẹ̀lú eegun díẹ̀ ní orí àti ìdí. Eegun tètè ń mú eegun, nítorí náà ó máa ń dúró gbọin. Ọ̀pọ̀ dókítà ni ó fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí ń sáré. Àléébù rẹ̀ ni pé iwájú orúnkún a máa dun ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá bí ó bá kúnlẹ̀.

Èkejì ni iṣan ẹ̀yìn itan. Ìkúnlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a lo èyí fún lára. Ṣùgbọ́n agbára tí a fi ń ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn lè dín kù díẹ̀, iṣan náà sì lè fà díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ lára ọ̀dọ́ tí kò fi eré mọ níwọ̀n.

Ẹ̀kẹta ni iṣan tí ó wà lókè ìdérí orúnkún, tí àwọn dókítà púpọ̀ ti ń lò láìpẹ́ yìí. Ó nípọn, ìrora ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò sì tó ti àkọ́kọ́. Àmọ́ iwájú itan a máa pẹ́ kí ó tó lágbára padà.

Ẹ̀kẹrin ni iṣan tí a yọ lára òkú, tí a fọ̀ mọ́ tí a sì fi sínú yìnyín. Kò sí ọgbẹ́ kejì lára aláìsàn, ṣùgbọ́n lára ọ̀dọ́ tí ń sáré tí ń fò, ó máa ń já ju ti ara ẹni lọ. Nílẹ̀ wa níbí, ìbéèrè mìíràn tún wà níbẹ̀: òkú ta ni? Àwọn kan kò ka èyí sí nǹkan kan. Ẹlòmíràn kò ní sùn bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn tí a ti rán an sí i lára tán.

Ti àtọwọ́dá náà wà. A gbìyànjú rẹ̀ púpọ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ nínú wọn já, ìdọ̀tí wọn sì mú kí orúnkún máa wú. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ dókítà padà sí ti ara ẹni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò rí i pé kò sí èyí tí kò ní ìyà tirẹ̀? Gbígbà lọ́wọ́ ọ̀tún fi fún òsì ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni ìkúnlẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sórí àga kọ̀wé nípa orúnkún ní ilẹ̀ òkèèrè lè ka ìrora ìkúnlẹ̀ sí ohun kékeré. Níbí ńkọ́? Obìnrin tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò ṣàlàyé títí ni. Ọkùnrin tí yóò dọ̀bálẹ̀ kò lè ṣe é kí orúnkún má kan ilẹ̀. Mùsùlùmí tí ń kí ìrun márààrún ń ṣe rákáà mẹ́tàdínlógún lójúmọ́, ìforíkanlẹ̀ méjì-méjì sì ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìforíkanlẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀ lójúmọ́, orúnkún yóò sì wà nílẹ̀ nínú gbogbo wọn. Onígbàgbọ́ ń kúnlẹ̀ gbàdúrà, ẹni tí ń tẹ́ táìlì ń kúnlẹ̀ jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìhà Ọba Akran, wà lára wọn. Ibi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Agége ni orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀. Ní ilé ìwòsàn tí ó lọ, wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, wọ́n sì ní kí ó fọwọ́ sí ìwé. Ó fọwọ́ sí i. Iṣan iwájú orúnkún ni wọ́n lò. Kí n sọ òtítọ́, iṣẹ́ náà dára, orúnkún náà kò yẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè pé kí ó kúnlẹ̀ di nọ́ọ̀tì lábẹ́ ẹ̀rọ, iná ni ó sì ń jó o níbẹ̀ bí ó bá ti kúnlẹ̀. Orí àga ni ó ti ń kírun ní mọ́sáláṣí báyìí, ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kà, tí mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní Yorùbá, ó wò mí títí, ó ní, “Àbúrò, ṣé ọ̀nà mìíràn wà tẹ́lẹ̀ ni?” N kò sọ pé èyí tí wọ́n yàn kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tí ó bi í léèrè bí ó ti ń lo orúnkún rẹ̀.

Òfin pàápàá kò gba èyí láyè. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, ti 2014, sọ ní abala 23 pé kí a sọ fún aláìsàn oríṣi ìtọ́jú tí ó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye tí yóò ná an. Àti pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a sọ ọ́ ní èdè tí ó gbọ́, kí a sì ro bí ó ti kàwé tó. Bákan náà, Òfin Owó Ìrànwọ́ Òṣìṣẹ́ ti 2010 kò yọ alágbàṣe sílẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni ó ti farapa. Mélòó nínú àwọn tí ń wọ bọ́ọ̀sì ní Pen Cinema láràárọ̀ ni ó mọ èyí?

Àwọn kan yóò ní, “Dókítà ni ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí aláìsàn gbẹ́nu dákẹ́.” Òtítọ́ wà níbẹ̀ dé ààyè kan. Iṣan tí ọwọ́ dókítà ti mọ́ lára sàn ju èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ, n kò sì ní kí aláìsàn máa pàṣẹ fún un. Ṣùgbọ́n dókítà mọ orúnkún ni. Ẹni tí ó ni ín ni ó mọ ohun tí ó ń fi í ṣe. Àkúnlẹ̀yàn ni àwọn baba wa pe ìpín ẹ̀dá: ẹni tí ó kúnlẹ̀ ni ó yàn, ẹlòmíràn kò bá a yàn án.

Àwọn mìíràn yóò ní èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ ọ́. Ibí yìí gan-an ni ó kan àwa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ‘iṣan’. Iṣan ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà; iṣan ni ohun tí ó so eegun mọ́ eegun; iṣan náà ni ohun tí ó so ẹran mọ́ eegun. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá kan pé, “Mama, a ó yọ iṣan kan lẹ́yìn itan ọmọ yín,” ṣé ìyá náà kò ní rò pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun fẹ́ dà nù? Mo dábàá pé kí a pe èyí tí ó so eegun mọ́ eegun ní ‘ìdè-eegun’, kí a pe èyí tí ó so ẹran mọ́ eegun ní ‘ìdè-ẹran’, kí a sì pe èyí tí a fi dípò ní ‘ìdè àfirọ́pò’. Bí ẹlòmíràn bá ní èyí tí ó sàn ju tèmi lọ, kí ó mú un wá.

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984. Èkejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ro oko rẹ̀. Ta ni yóò ro ti ilé ìwòsàn?

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹ jẹ́ kí àpilẹ̀kọ ìgboyè díẹ̀ lọ́dọọdún wà lórí èdè ìṣègùn. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ìkẹjà láti 1955, tí ó di ti Yunifásítì ní 2001, kò jìnnà. Ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì kò jìnnà. Kí ẹgbẹ́ wa lọ bá àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kí a jọ ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan tí ẹni tí ó ka ìwé mẹ́fà lè kà tán lórí ìjókòó kan. Ìbéèrè mẹ́rin tó fún ìbẹ̀rẹ̀: Ṣé iṣẹ́ abẹ náà pọn dandan? Iṣan wo ni ẹ fẹ́ lò, kí sì ni ó dé tí ẹ fi yàn án? Ṣé n ó lè kúnlẹ̀? Oṣù mélòó ni n ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń bínú pé àwọn ènìyàn ń sá tọ àwọn tí ń to eegun lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìdè-eegun tí ó já nínú orúnkún kọjá agbára wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n fi ju ilé ìwòsàn lọ: wọ́n ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀. Kí a má jẹ́ kí èyí jẹ́ tiwọn nìkan. Ẹ jẹ́ kí a jí gìrì sí iṣẹ́ yìí, kí ẹ̀kọ́ Yorùbá tí a ń kọ́ lè wúlò fún òṣìṣẹ́ tí ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n gbé ìwé lé lọ́wọ́ pé kí ó fọwọ́ sí i.