Ẹ Jẹ́ Kí A Padà Dúpẹ́ Oore Àná

 Ọ̀rọ̀ kékeré kan ń jẹ wá lọ́kàn, a sì fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀wò.

Nílé wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, bí ènìyàn bá ṣe wá lóore, a óò dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a óò padà lọ kí i pé: "Ẹ ṣé àná o." Àwa tí a wá kàwé nílùú ńlá ti ń fi àṣà yìí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa gbà wá sílé, ẹnìkan bá wa san owó ìforúkọsílẹ̀, a ní "mẹ̀sí", ó tán. Lọ́jọ́ kejì, ojú ń tì wá láti tún un sọ.

Àdánù ni èyí lójú tiwa, kì í sì í ṣe fún olóore nìkan.

Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn méjì ní Amẹ́ríkà, Robert Emmons àti Michael McCullough, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn kan máa kọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, kí àwọn mìíràn máa kọ ìyọnu wọn. Àwọn tó ń ka oore sọ pé ayé wọn dára ju bí àwọn tó ń ka ìyọnu ṣe rí tiwọn lọ. Ní 2005, Martin Seligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí olóore tí wọn kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mú un lọ. Inú wọn dùn gan-an, ipa ayọ̀ náà sì ṣì hàn lẹ́yìn oṣù kan. Nígbà tó fi di oṣù 3, ó ti tán. Ẹ ò rí i pé ọpẹ́ ẹ̀ẹ̀kan kì í tó! Àwọn baba wa kò ka lẹ́tà Seligman kí wọ́n tó ní kí á máa padà lọ.

Ní ti ìtìjú, Amit Kumar àti Nicholas Epley rí i ní 2018 pé àwọn tó kọ lẹ́tà ọpẹ́ rò pé ara yóò ti ẹni tó gbà á ju bó ṣe rí ní tòótọ́ lọ. Wọn kò sì mọ bí inú onítọ̀hún yóò ṣe dùn tó.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹbí máa ń fi oore de ọmọ mọ́lẹ̀, pé "Ẹ ṣé àná" ń sọ ènìyàn di ẹrú. Òótọ́ wà níbẹ̀. Philip Watkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2006 pé bí olóore bá ṣe ń retí ẹ̀san sí, bẹ́ẹ̀ ni ìmoore ń dín kù, tí ó ń dà bíi gbèsè lọ́kàn ẹni tó gbà á. Nítorí náà, kí olóore má fi oore ṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó padà wá kí ni láàárọ̀ kò wá san gbèsè. Ó wá sọ pé òun kò gbàgbé ni.

A kò sọ pé ọpẹ́ ń wo gbogbo ìbànújẹ́ sàn. Ohun tí à ń sọ ni pé kí kálukú wa ronú kan olóore kan lọ́sẹ̀ yìí, kí ó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ láago, kí ó sì dárúkọ oore náà fún un.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Àwọn kan rò pé owó mìíràn ni òwe yìí ń wí. Lójú tiwa, ayọ̀ tó ń wọ inú ẹni tó dúpẹ́, oore mìíràn ni òun náà.