Ikú Wo Ló Pa Ehoro Yìí?

 Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, a mọ bí a ṣe ń sáré ra ehoro lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì. Iye owó rẹ̀ la máa ń béèrè. A kì í béèrè ikú tó pa á.

Òru ni ehoro ń jẹko. Ọdẹ tòótọ́ a gbé fìtílà sórí, a yìnbọn fún un, tàbí kí ajá rẹ̀ lé e mú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń dà sí oúnjẹ ẹran nínú igbó. Lọ́dún tó kọjá, ajá kan jẹ ìfun ehoro tí a dà sẹ́yìn ilé wa. Kò pẹ́ tó fi kú. Ẹran náà ti wà lórí iná! A da ìkòkò nù. Síse kì í lé májèlé kúrò lára ẹran.

Èrò tèmi ni pé kí a máa ra tútù, nítorí gbígbẹ kì í fi ojú ọgbẹ́ hàn. Ẹ wá ojú ọta tàbí eyín ajá. Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Bí ó bá wà, ẹ bó awọ rẹ̀, ẹ yọ ìfun láì fọ́ òróòro, ẹ ṣa ọta kúrò, kí ẹ sè é kó rọ̀ dáadáa.

Ẹnìkan lè ní ebi kì í jẹ́ ká ṣe ìwádìí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ìwé-ẹ̀rí la bá wá sí ìlú onílùú. Ẹ má jẹ́ kí ehoro dá wa dúró.