Àmì Ìbẹ̀rẹ̀ Sinimá: Ta Ni Àwọn Ọmọ Ṣómólú àti Bàrígà Ń Júbà Fún?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní Bàrígà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa pe ará ilé àti ará ọ̀nà láti wá wo sinimá àkọ́ṣe rẹ̀. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri, wọ́n to bẹ́ǹṣì, jẹnẹrétọ̀ sì ń kùn lẹ́yìnkùlé. Màmá àgbà kan tí ó ń ta ẹja gbígbẹ, ẹni tí ó yọ nínú owó èésú rẹ̀ kí iṣẹ́ náà lè ṣeé ṣe, ni a fi jókòó níwájú gbogbo wa.

Bí iná ti kú tí àwòrán tàn, ohun tí a kọ́kọ́ rí ni ayé rogodo kan tí ó ń yí. Mànàmáná kọ. Ẹyẹ idì kan fò kọjá. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà aláwọ̀ wúrà jáde láti inú èéfín, ó ń dán yanranyanran, tí ariwo fèrè àwọn òyìnbó sì gba gbogbo àgbàlá kan. Màmá yíjú sí ọmọ náà, ó ní, ‘Ọmọ mi, ìlú wo ni wọ́n ti ṣe èyí? Ìgbà wo ni tìrẹ yóò bẹ̀rẹ̀?’ Ọmọ náà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, ‘Màmá, ẹ má bínú, tèmi náà nìyẹn. Lógò ilé-iṣẹ́ mi ni.’ Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè tí màmá béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Nígbà tí ó yá, mo bi ọmọ náà léèrè ibi tí ó ti rí àmì náà. Ó jẹ́wọ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun ti rà á. Wọ́n ti ṣe é tán, orúkọ nìkan ni ó kù kí ènìyàn kọ sí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà dé. Ẹlòmíràn kan ní àdúgbò kejì ti ra irú rẹ̀ gan-an, ayé kan náà, idì kan náà, mànàmáná kan náà. Oníbàárà tí ó fẹ́ ra sinimá lọ́wọ́ ọmọ tiwa rí iṣẹ́ ti ẹnì kejì, inú rẹ̀ kò dùn sí i, ó rò pé ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì, ó sì fà sẹ́yìn. Báyìí ni owó èésú màmá ṣe há sọ́nà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ò rí i pé ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò bá fúnni lọ́rùn, a tóbi jù lápá.

Kí ni a ń pè ní àmì ìbẹ̀rẹ̀ sinimá ná? Òun ni àwòrán kékeré tí ń rìn, tí ó máa ń jáde kí eré tó bẹ̀rẹ̀, láti sọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe eré náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí nǹkan tuntun tí òyìnbó gbé dé. Lójú tèmi, ẹ̀rọ nìkan ni ó jẹ́ tuntun níbẹ̀. Ìwà náà ti wà nílẹ̀ wa kí baba ńlá wa tó rí sinimá sójú. Ìjúbà ni.

Ta ni kò mọ̀ pé eégún Alárìnjó, tí ìtàn so mọ́ ààfin Ọ̀yọ́ àti orúkọ Ológbìn Ológbojò, kì í ṣàdédé bẹ́ sí agbo? Yóò kọ́kọ́ júbà. Yóò dárúkọ àwọn tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, yóò sọ ìdílé tí ó ti wá, kí ó tó fi ẹ̀kẹ́ kan tàbí ìdán kan han ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní ọdún 1944, tí iṣẹ́ tíátà alárìnkiri wá di ńlá, orin àti ijó ìṣíde kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé tí ó sì bá orin náà lẹ́nu wọn mọ ẹgbẹ́ tí ó wà lórí ìtàgé kí ó tó rí ojú òṣèré kankan. Rédíò pàápàá kò gbẹ́yìn: ìlù dùndún ni ó ń ṣí ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ilẹ̀ wa láyé ọjọ́un, tí oníkálukú sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ ohun tí ìlù ń wí. Ta ni ó nílò kí a tún kọ orúkọ fún un nígbà tí ìlù ti sọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn òyìnbó tí a ń fara wé wò dáadáa. Ní ọdún 1924, nígbà tí Metro-Goldwyn-Mayer bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kìnnìún ni wọ́n fi ṣe àmì. Kìnnìún gidi ni, ẹran abẹ̀mí tí a gbé kámẹ́rà sí níwájú. Nígbà tí sinimá gba ohùn ní òpin àwọn ọdún 1920 ni àwọn ènìyàn tó gbọ́ tí ó bú. Ọ̀kan kú, wọ́n fi òmíràn rọ́pò, títí di ọdún 2021 tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya èyí tí kò jẹun tí kò sì mu omi. Ilé-iṣẹ́ Rank ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ọkùnrin alágbára kan tí ń lu awo idẹ ńlá. Àṣírí rẹ̀ ni pé idẹ kọ́ ni awo náà, bébà tí a fi lẹ́ẹ̀ pò mọ́ra ni. Ẹlòmíràn ni ó lu agogo gidi níbòmíràn tí a fi gba ohùn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Walt Disney fi ààfin olódi inú àlọ́ àwọn ènìyàn wọn ṣe tiwọn láti ọdún 1985. Pixar ńkọ́? Àtùpà ìkàwé lásán tí ó wà lórí tábìlì ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, John Lasseter, ni ó di eré kékeré kan ní ọdún 1986, tí ó sì wá di àmì tí ó ń fò tòkètòkè níwájú sinimá wọn.

Ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, ta ni ó lọ yá àmì ẹlòmíràn? Oníkálukú wo àyíká rẹ̀, àlọ́ rẹ̀, àní tábìlì rẹ̀, ó mú nǹkan níbẹ̀, ó sì dúró tì í títí ayé fi mọ̀ ọ́n. Àwa ni a sọdá òkun lọ mú ohun tí ó wà nílé wọn, tí a sì fi tiwa sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọdún 1924 kan náà tí Metro-Goldwyn-Mayer bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ògògà wà lórí ìtẹ́ lára ilẹ̀kùn náà, òyìnbó tí wọ́n rù wá bá a sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òyìnbó rí i, ẹnu yà wọ́n, wọn kò sì jẹ́ kí ó padà wálé mọ́. Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà títí di òní. Bí ilẹ̀kùn méjì bẹ́ẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú aṣọ sinimá, tí ìlù gbè é lẹ́yìn, ṣé màmá ẹlẹ́ja yóò tún béèrè ìlú tí wọ́n ti ṣe é? Ilà ojú wa wà níbẹ̀, àbàjà, pélé, gọ̀mbọ́. A kò kọ ọ́ sí ọmọ lójú mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́ ni pé kí a lè mọ ọmọ ẹni bí ogun bá kó o lọ. Àrokò wà níbẹ̀, tí owó ẹyọ díẹ̀ ń jíṣẹ́ tí lẹ́tà gígùn kò lè jẹ́. Àdìrẹ wà níbẹ̀. Ṣé nǹkan wọ́n wa ni?

N kò sọ pé kò sí ẹni tí ó gbìyànjú nínú wa. Ní ìgbà tí a ń fi fíìmù gidi ṣe sinimá, ìgbà Àjàní Ògún ní 1976 àti Aiyé ti Ogunde ní 1979, òṣèré fúnra rẹ̀ ni àmì: orúkọ Ogunde tàbí ti Adé Love tó láti kó èrò jọ. Nígbà tí fídíò dé ní òpin àwọn ọdún 1980, tí eré bíi Ṣóṣó Méjì ti jáde ní 1988, ọjà bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì Ìdúmọ̀tà. Ìgbà náà ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó lójú wa, tí ó ń fò, tí ó ń pààrọ̀ àwọ̀, tí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù àti ìkìlọ̀ fún àwọn ajídàkọ sì ń tẹ̀lé e. Tunde Kelani tí ó dá Mainframe sílẹ̀, tí ó ṣe Ti Olúwa Nilẹ̀ ní 1993 àti Ṣaworoidẹ ní 1999, ṣe ohun kan tí ó yẹ kí a fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ó wá orúkọ ilé fún orúkọ oko: Ọ̀pómúléró. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ oríkì orílẹ̀ rí mọ orúkọ náà, ọmọ ìkókó sì lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀, òpó tí ó gbé ilé dúró. Orúkọ náà nìkan ti di àwòrán.

Lónìí, tí a ń wo sinimá lórí fóònù, àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń tò sẹ́yìn ara wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olówó kan, olóòtú kan, olùtajà kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jọra wọn bí ìbejì tí a kò bí lọ́jọ́ kan náà, aláìnísùúrù a sì fi ìka tì wọ́n kọjá.

Kí ló dé tí mo fi ń bá Ṣómólú àti Bàrígà sọ ọ̀rọ̀ yìí ní pàtàkì? Nítorí pé ẹni tí ó bá ní ọ̀bẹ lọ́wọ́ ni à ń bi léèrè iṣu. Ṣómólú ni ìlú atẹ̀wé. Láti òpópónà Bájúláyé títí wọ Fọlá Àgórò, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò dákẹ́: kálẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, pọ́síta sinimá, páálí ọjà, gbogbo rẹ̀ ni a ń tẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ṣómólú tí ó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ti ya àmì fún ìjọ, fún ilé-ìwé àti fún olóṣèlú. Ní Bàrígà, ibi tí CMS Grammar School wà, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí a dá sílẹ̀ ní 1859 tí ó sì ṣáájú gbogbo irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, òṣèré kò wọ́n. Níbẹ̀ ni a ti mọ ẹgbẹ́ Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfilà dá sílẹ̀ ní 1996, tí ó ń fi ijó àti ìlù sọ ọ̀rọ̀ ìlú. Ayàwòrán wà ní ẹsẹ̀ kan, onílù wà ní ẹsẹ̀ kejì. Ìgboro kan péré ni ó là wọ́n láàárín. Kí ni ó dé tí a fi ń ra àmì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ibi tí Bàrígà wà?

Àwọn kan yóò sọ pé owó ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò bí olùkọ́. Àwòrán 25 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí tẹlifíṣọ̀n wa. Àmì tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, àwòrán 125 ni. Bí ọmọ kíláàsì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá pín in, oníkálukú yóò ya márùn-ún péré. Ẹni tí yóò fi kọ̀ǹpútà ṣe é lè gba Blender, ètò ìyàwòrán tí ó ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé láti ọdún 2002. Ẹ sì rántí awo idẹ Rank tí ó jẹ́ bébà. Òye ló ṣòro, owó kọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ pé ọjà àgbáyé ni àwọn ń bá lò, pé òyìnbó kò mọ àbàjà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé òyìnbó kò ní ayé tirẹ̀ tí ń yí? Ohun tí ó bá jọ tirẹ̀ kò lè dá a dúró. Èyí tí kò rí rí ni yóò mú un béèrè. Àwọn àgbà kan pẹ̀lú yóò ní kí a má fi àmì ìdílé àti nǹkan ọ̀wọ̀ ṣe ìpolówó ọjà. Wọ́n jàre, ó sì yẹ kí a pààlà: ohun awo kì í ṣe ohun sinimá. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ọ̀dọ́ bi àgbà léèrè kí ó tó yà á.

Ohun kan tún kù tí kò gbọdọ̀ bọ́ sọnù. Òfin Àmì Òwò ilẹ̀ wa ti wà láti ọdún 1965. Àmì tí ó jẹ́ tirẹ nìkan ni o lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ọdún méje ni wọn yóò kọ́kọ́ fún ọ, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá bí o bá ń tún un ṣe. Èyí tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti rà lọ́jà, ọ̀nà wo ni ìwọ yóò fi sọ pé tìrẹ ni?

Ọmọ Bàrígà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wá bá mi lẹ́yìn tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní, ‘Bàbá, kí ni ẹ rò pé kí n yà?’ Mo ní kí ó kọ́kọ́ sọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ fún mi. Ó wolẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó má wulẹ̀ ti kọ̀ǹpútà dè, kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó ti màmá ẹlẹ́ja yẹn, nítorí òun àti ìyá bàbá rẹ̀ jọ ti ìlú kan náà wá ni. Ó lọ. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, màmá ń ki í, ọmọ náà sì gbé ìwé lé orúnkún, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ki àwọn ọmọ yín kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò yà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwòrán 125 di iṣẹ́ kíláàsì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ṣómólú àti Bàrígà, ekòló kì í júbà ilẹ̀ kí ilẹ̀ má lanu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó bí i ni ekòló ń júbà fún.