Ẹni Tó Ṣe É Lọ́fẹ̀ẹ́ Kì í Ṣe Ẹrú Wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú sí mi o. Ewì lẹ fi mọ̀ mí nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ìjà ni mo gbé wá. Gbogbo ẹni tó ń jẹ ọ̀fẹ́, tó tún ń bú ẹni tó sè é, ni mo fẹ́ bá jà. Kí n tó na ẹnikẹ́ni lẹ́gba, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àwa mẹ́rin nínú yàrá wa dáwó, a ra ráútà tòkunbọ̀ kan. Sọ́fítíwíà tó bá a wá ti gbó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò sì bójú tó o mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bá yọ ọ́ kúrò, ó fi ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ sí i, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí kóòdù inú rẹ̀, kó kà á, kó sì tún un ṣe. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò wa. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi gbádùn ẹ̀. Àfi ọjọ́ tí a gba ẹ̀dà tuntun rẹ̀ wọlé, ni Wi-Fi bá kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ránṣẹ́ sí olùkọ́!

Inú bí mi. Mo ya owó dátà, mo kọ íméèlì sí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà náà, mo sì tú èébú jáde. Mo pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe kílẹ̀ tó ṣú. Mi ò sọ irú ráútà tí mo ní, mi ò sọ ohun tí mo ṣe kó tó bàjẹ́. Ẹnì kan dá mi lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́: ó ní kí n má bínú, irú ráútà wo ni? Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, alẹ́ nìkan lòun máa ń ráyè fún èyí. Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó wò mí lójú, ó ní, "Akéwì, èló lo san tó o fi ń bú u?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ojú gbà mí tì.

Àbí ẹ ò rí i? Ibo ni irú nǹkan yìí ti ṣẹ̀ wá? Lópin 2002, ilé iṣẹ́ Linksys gbé ráútà kan tí wọ́n ń pè ní WRT54G jáde. Ní 2003, àwọn tó yẹ inú rẹ̀ wò rí i pé Linux ló wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ GPL tó de Linux sì sọ pé ẹni tó bá pín in fún ẹlòmíì gbọ́dọ̀ fún un ní kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú. Ni kóòdù bá jáde síta. Ní 2004, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ OpenWrt láti ibẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi ráútà títí dòní. Ìwé àṣẹ kan náà, ẹ̀dà kejì rẹ̀ tó jáde ní 1991, fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò ṣe onídùúró fún sọ́fítíwíà yìí. Bó bá bàjẹ́, ọrùn ẹni tó ń lò ó ni. Wọn ò tàn wá. Àwa la ò kàwé.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣé ká wá dákẹ́ ni?" Rárá o! Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Bí a bá dákẹ́, obì á tán. Ní 2017, àṣìṣe kan wọ inú opkg, ohun tí OpenWrt fi ń gba ètò tuntun wọlé nígbà náà. Nítorí àlàfo kan ṣoṣo, irú èyí tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, opkg ń fo àyẹ̀wò tó yẹ kó fi mọ̀ bóyá ayédèrú ni ohun tó gbà. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀ kí ẹnì kan tó rí i, tó ṣàlàyé bó ṣe rí, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2020. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ló yẹ kí èyí yé jù. Kí ló wà láàárín ọkọ̀ àti ọkọ́? Àmì kékeré kan. Ẹni tó fi àmì yẹn hàn ọ́ ṣe ọ́ lóore. Ẹni tó kàn pè ọ́ ní òpè, kí ló ṣe?

Ṣùgbọ́n mo ní pàṣán fún apá kejì náà. Àwọn kan wà, bó o bá fẹjọ́ sùn wọ́n, wọ́n á ní, "Kóòdù ń bẹ níta, lọ tún un ṣe fúnra rẹ." Ìgbéraga nìyẹn! Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ iyán ló ní odó. Ẹni tó bá pe ayé wá jẹun gbọ́dọ̀ lè sọ fún wọn pé, "Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ yìí, ẹ rọra." Òótọ́ nìkan la bi wọ́n.

Àwọn olówó ló jẹ̀bi jù. Ní 2014, nígbà tí àṣìṣe Heartbleed bẹ́ sílẹ̀ nínú OpenSSL, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lágbàáyé gbára lé, ó hàn pé owó ìtọrẹ tó ń wọlé fún iṣẹ́ náà ò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ́dún. Ẹ gbọ́ ná! Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Bí ebè bá wọ́, kò ní fi ẹgba lé àwọn ọlọ́wẹ̀ nínú oko. Àwa ńkọ́? A ò sè, a ò bu omi, a tún ń pariwo pé ebè wọ́.

Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí gan-an ńkọ́? Àwọn mẹ́ta ló ń tẹ̀ ẹ́, apò ara wọn ni owó fọtokópì ti ń jáde. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lu olóòtú nítorí àmì tó bọ́ lórí ewì rẹ̀. Kò dá náírà kan.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Bó bá bàjẹ́, sọ ohun tó o ní, ohun tó o ṣe, ohun tó o rí. Bó o bá lówó, fi díẹ̀ sílẹ̀. Bó ò bá ní, kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ní Yorùbá fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ní tèmi, fóònù ẹlòmíì ni mo fi rán iṣẹ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tọrọ àforíjì, mo sì kọ irú ráútà náà ránṣẹ́. Àṣìṣe ni lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà wọ́n láti tún un ṣe. Ẹni yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo bú u ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lójú mi.