Àgbà Kì í Wà Lọ́jà: Lórí Ìwé Tó Ń Ti Ìsọ̀ Kan Bọ́ Sí Òmíràn

 

Ọ̀rọ̀ ìwé kan ló délẹ̀ yìí. Ìwé náà ti ń rìn láàrin wa láti bí ọjà mélòó kan sẹ́yìn. Ó kúrò ní ìsọ̀ aláṣọ, ó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́lùbọ́, epo ti kán sí i lẹ́yìn, etí rẹ̀ sì ti ká. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó kàwé ń kà á, wọ́n ń tú u sí Yorùbá fún ìyá wọn nígbà tí ẹsẹ̀ bá dín lọ́jà. Orúkọ rẹ̀ ni My Sister, the Serial Killer. Oyinkan Braithwaite, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Èkó ní 1988, ló kọ ọ́. Ó jáde ní 2018. Ní 2019, ó wà lára àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣà fún ẹ̀bùn Booker nílùú Òyìnbó, ó sì dé ìpele tó kẹ́yìn nínú ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin tó ń kọ̀wé níbẹ̀.

Ẹnu wa kò kò lórí ìwé yìí. Àwọn kan ní ó dùn ju fíìmù lọ. Àwọn kan ní ìwé burúkú ni, ká gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wa kó tó kó sí wọn lórí. Ìyá kan tilẹ̀ dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un wọ ọjà mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá wa, ṣùgbọ́n èrò tèmi yàtọ̀. Mo ní kí ìwé náà máa rìn lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ìtàn náà nìyí ní ṣókí, fún ẹni tí kò tíì kàn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni Korede àti Ayoola, Èkó ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn. Korede ni ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù, ó fẹ́ràn ìmọ́tótó, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì mọ̀. Ayoola ni àbúrò. Arẹwà ni, bó bá kọjá, ọkùnrin á yí ọrùn tẹ̀lé e. Àmọ́ àwọn ọkùnrin tó bá ń fẹ́ Ayoola kì í pẹ́ láyé. Ọ̀bẹ ló ń lò. Tó bá ti ṣe é tán, á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n á gbé ọṣẹ, kànìnkànìn àti bíliìṣì, ó di ẹ̀jẹ̀ nínù. Òkú ẹnìkẹta, Femi, orí afárá Third Mainland ni wọ́n ti jù ú sínú ọ̀sà. Omi ọ̀sà yẹn kan náà ló nà wá dé ọ̀dọ̀ tiwa níbí.

Ìtàn ẹ̀rù ni, àbí? Kí ló wá ń pa wá lẹ́rìn-ín? Ayoola pa ènìyàn, kò pẹ́ púpọ̀, ó ti fẹ́ gbé àwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbọ́n ló ń rán an létí pé ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọnù kì í ṣe báyẹn. Korede fúnra rẹ̀ ní aláìsàn kan, Muhtar, tó sùn sí ọsibítù láìmọ ara rẹ̀. Torí pé kò lajú, kò sọ̀rọ̀, Korede ń jókòó tì í, ó ń tú gbogbo àṣírí fún un. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí aláìsàn lajú! Ibi tí wọ́n kà dé nìyẹn ní ìsọ̀ ẹlẹ́ja tí gbogbo wọn fi pariwo, tí oníbàárà rò pé ìjà ló bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn dójú ti yín. Àwọn àgbà wa ló sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ẹ rántí Moses Ọláìyá, Baba Sala, tó kú ní 2018. Nínú fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Mọ́ọ̀rù, tó jáde ní 1982, ọkùnrin tí ìyà jẹ títí tó fi fẹ́ pa ara rẹ̀ là ń wò, a sì ń fọwọ́ lu itan. A kò rẹ́rìn-ín torí pé ìyà dùn. Ẹ̀rín ló jẹ́ ká lè wò ó dópin.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú ilé tí àwọn ọmọ méjì yìí ti jáde. Ilé ńlá ni. Oúnjẹ wà, mọ́tò wà, ọmọ ọ̀dọ̀ wà. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á ní àwọn ọmọ wọ̀nyí wáyé ire. Ṣùgbọ́n pàṣán ni bàbá fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ayoola ṣì kéré, bàbá fẹ́ fi í lé olóyè kan lọ́wọ́ nítorí òwò tó wà láàrin àwọn méjèèjì. Ìyá wọn ńkọ́? Ìyá ń lo oògùn oorun, ó ń sùn. Àwọn ẹbí ńkọ́? A kò rí ẹni tó gba ọmọ sílẹ̀. Ọ̀bẹ tí Ayoola sì ń lò, ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ o, kò rà á lọ́jà. Inú ilé ló ti bá a.

Ohun tí ìwé yìí ń sọ nìyẹn lójú tèmi. Ọmọ tí ebi kò pa náà lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n pa tì. Àwa ìyálọ́jà máa ń rò pé bí a bá ti sanwó súkúù, tí ìkòkò sì wà lórí iná, a ti ṣe tiwa. Owó súkúù dára, ìkòkò dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo ojú ọmọ yẹn nígbà tó bá dákẹ́?

Nínú ìwé náà, nígbà tí ikú bàbá yìí pé ọdún mẹ́wàá, ẹbí ní kí wọ́n ṣe ìnáwó ìrántí fún un. Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín jù, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi. Ta ló ń ta léèsì fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀? Àwa ni. Ta ló ń ta ata, ìrẹsì àti òróró? Àwa náà ni. A ó ró aṣọ ẹbí, a ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, a ó máa ní bàbá rere lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ olóògbé wà nítòsí wa pẹ̀lú ojú pàṣán lẹ́yìn wọn. N kò sọ pé ká má ta ọjà wa o. Òwò ni òwò. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń yìn ọ́ lóde lè máà jẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé rẹ, àwa tí a mọ̀ sì máa ń dákẹ́ torí pé ènìyàn pàtàkì ni, tàbí torí pé oníbàárà wa ni.

Ẹ tún wo Korede. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò fọ́ nǹkan, òun ni wọ́n ń bi. Àbúrò sunkún, òun ni kó rẹ̀ ẹ́. Ta ló wá ń tọ́jú Korede? Kò sí. Nígbà tó di pé àbúrò pa ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí kànìnkànìn kó tó ráyè ronú. Korede mélòó ló wà lọ́dọ̀ wa? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbé àbúrò pọ̀n, ó ń dáná, ó ń pọnmi, ó sì ń pa súkúù jẹ tó bá ti di ọjọ́ ọjà. A ó máa yìn ín pé, “Ọmọ yìí gbọ́n bí àgbà.” Ìyìn náà dùn ún gbọ́. Àgbà gangan dà níbẹ̀?

Ẹlòmíràn á ní, “Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe dàgbà.” Òótọ́ ni. Ejìnrìn yìí, kí rélùwéè àti ọ̀nà mọ́tò tó gba òwò lọ́wọ́ omi, ọjà ńlá etí ọ̀sà ni. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé èrò àti ẹrù wá láti Èkó, àwọn Ìjẹ̀bú ń ru tiwọn wá pàdé wọn. Àwọn ìyá tó ń ná ọjà yẹn fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n inú agbo ilé ni wọ́n fi wọ́n sí. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó ilé ń gún iyán lẹ́yìnkùlé, bàbá arúgbó wà lábẹ́ igi. Ẹ̀gbọ́n ń pọn àbúrò, àgbà sì ń wo àwọn méjèèjì. Lóde òní, yàrá kan tàbí méjì ni, ọkọ wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, ìyá wà lọ́jà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn ọmọ. A ṣì ń pè é ní àṣà wa, ṣùgbọ́n a ti yọ àgbà kúrò nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí ní kedere, kó wá ìwé kejì kà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Black Sunday ni orúkọ rẹ̀, Tola Rotimi Abraham ló kọ ọ́, ó jáde ní 2020. Èyí kò pani lẹ́rìn-ín bíi tàkọ́kọ́ o. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n, ìbejì obìnrin, Bibike àti Ariyike, pẹ̀lú àbúrò wọn ọkùnrin méjì, Andrew àti Peter. Èkó ni, láyé 1990 sí i. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá wọn, owó tán, ìyá lọ, bàbá náà lọ, ó ku àwọn ọmọ sọ́wọ́ ìyá àgbà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń sọ tẹnu wọn, oníkálukú pẹ̀lú ọgbẹ́ tirẹ̀. Ilé tàkọ́kọ́ lówó, ilé èyí kò ní. Ohun kan náà ló sọnù níbẹ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n dá ìyá wa lóhùn wàyí, ẹni tó ní ká gbẹ́sẹ̀ lé ìwé náà. Ó bẹ̀rù pé àwọn ọmọbìnrin á kọ́ ìwà Ayoola. Ó tún sọ ohun kan tó wọ̀ mí lára, pé Femi náà ní ẹbí tó ń wá a, a kò sì gbọdọ̀ fi òkú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Ìyà tó jẹ ènìyàn ní kékeré kò fún un láṣẹ láti pa ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò sọ pé ó fún un láṣẹ. Ó kàn fi hàn wá bí ibi ṣe ń kúrò lọ́wọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bá dá a dúró lọ́nà. Bí a bá sì gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ṣé a ti gba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé kúrò lójú rẹ̀? Ohun tó dára jù ni ká bá a kà á, ká wá bi í pé, “Kí ni ìwọ rí níbẹ̀?” Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò lè sọ ti ara rẹ̀ á lè sọ ti Korede.

Nítorí náà, mo gbé ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́. Àkọ́kọ́, ní ọjọ́ ọjà, kí àwọn ìyá àgbà wa tí agbára òwò ti dín lọ́wọ́ wọn jókòó lójú kan, kí àwọn ọmọ kéékèèké máa wà lọ́dọ̀ wọn, kí ẹgbẹ́ dá owó oúnjẹ wọn. Èyí á jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n ráyè lọ sí súkúù. Èkejì, kí a má gba ẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fífi ọmọ kékeré fọ́kọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, kà á léèwọ̀ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wọlé ọkọ, ìbáà jẹ́ olóyè ni ọkọ náà. Ẹ̀kẹta, bí a bá gbọ́ igbe ọmọ tó ju ìbáwí lọ nílé ẹnikẹ́ni, kí àgbà méjì lọ kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, kí wọ́n tẹ 767 tàbí 112, kò gba owó. Ìjọba Èkó sì ti fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2021 nítorí ìwà ipá inú ilé, iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Wọ́n á ní à ń tojú bọ ilé onílé. Kí wọ́n máa wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwa sì rèé, ọjà ni gbogbo wa wà.

Ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, jọ̀ọ́, má fi pọ́n ẹ̀pà. Tóo bá kà á tán, fún ìsọ̀ tó kàn.