Bí Akọni Bá Lọ, Ta Ni Yóò Gba Apata Rẹ̀?

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ń ka ìwé àwòrán àwọn ará Amẹ́ríkà, èmi náà sì wà lára wọn. N kò rí ohun tí ó burú nínú kí orúkọ akọni kan kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí a mọ̀ ọ́n mọ́, kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí àwọn tí ó ni ìtàn náà bá lè fi í sílẹ̀ fún un pátápátá.

Ti Black Panther kò ṣòro. Oyè ni orúkọ náà ní ilẹ̀ Wakanda inú ìtàn. T'Chaka ni ó jẹ ẹ́ kí ó tó kan T'Challa ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Chadwick Boseman, òṣèré tí ó ṣe T'Challa, fi ayé sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn kan ní kí a fi òṣèré mìíràn rọ́pò rẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2022, Shuri gbé ìbòjú náà wọ̀ nínú sinimá, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe nínú ìwé àwòrán ní ọdún 2009. Àbúrò jogún ẹ̀gbọ́n. Ta ni yóò bá wọn jà?

Captain America ni ìjà wà. Láti ọdún 1941 ni a ti mọ orúkọ yìí mọ́ Steve Rogers. Nínú sinimá ọdún 2019, ó darúgbó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé apata fún Sam Wilson, ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n ọdún 2021, Sam dá apata náà padà fún ìjọba, wọ́n sì gbé e fún ọmọ ogun kan tí ó fi í lu ènìyàn pa ní gbangba. Àgbà ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan wà nínú eré náà, Isaiah Bradley, tí ìjọba dán oògùn wò lára rẹ̀, tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n fún ọgbọ̀n ọdún. Ó ní ènìyàn dúdú tí ó bá mọ iyì ara rẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ kí ó fẹ́ apata náà. Sam kò bá a jiyàn pé irọ́ ni ó pa. Síbẹ̀, ó gbé e.

Àwọn kan yóò wí pé kí a dá akọni tuntun sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n Sam ti ní orúkọ tirẹ̀, Falcon, láti ọdún 1969. Orúkọ ẹyẹ ni. Orúkọ orílẹ̀-èdè ni ó wà lára èkejì, bí Sam bá sì ń jẹ́ ẹ, gbogbo ènìyàn ni yóò béèrè ta ni ó ni Amẹ́ríkà. Falcon kò lè mú ìbéèrè yẹn wá.

Ohun tí n kò lè gbà nìyí: nínú ìwé àwòrán, Sam ti gba orúkọ náà ní ọdún 2014. Ní ọdún 2016 Steve tún di ọ̀dọ́, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2017 apata ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, Sam sì tún di Falcon. Ẹni tí a fi jẹ oyè kì í ṣe ẹni tí a yá ní fìlà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé Sam kò tí ì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ nígbà tí wọ́n gba fìlà náà padà.